Ẹ Jẹ́ Kí N Dúró Di Ọ̀sẹ̀ Tó Ń Bọ̀

Mo fẹ́ràn kí ìtàn dá mi dúró. Kí apá kan nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n parí síbi tí ilẹ̀kùn ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí, tí a ò tíì rí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí orúkọ àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, kí n sì mọ̀ pé bí mo bá sunkún ẹ̀jẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló kù kí n tó mọ ẹni náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ìtàn náà kì í sùn nínú mi. Mo máa ń rò ó nígbà tí mo bá ń fọ abọ́, nígbà tí mo bá tò sórí ìlà níbì kan. Màá ní, rárá o, kò lè jẹ́ ọkọ àtijọ́ obìnrin inú eré náà, torí ọkùnrin yẹn ti sọ ní apá kejì pé òun ò mọ ilé náà. Tó bá di ọjọ́ kejì, màá tún yí i padà: àbí irọ́ ló pa?

Iṣẹ́ tí ọkàn ń ṣe yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Lójú tèmi, ó wà lára ìtàn náà gan-an, bí ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé kọ ṣe wà lára rẹ̀. Tí wọ́n bá da gbogbo apá mẹ́wàá sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí mo sì jókòó tì í láti ìrọ̀lẹ́ mọ́jú, iṣẹ́ yẹn ò ráyè wọlé. Kí n tó béèrè ìbéèrè, wọ́n ti dá mi lóhùn.

Bí àwọn èèyàn bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa àwòmọ́jú, ìyẹn wíwo apá eré léra wọn láìdúró, ìlera ni wọ́n máa ń tọ́ka sí: oorun, ojú, ẹ̀yìn tó ń dunni. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí méjì, Liese Exelmans àti Jan Van den Bulck, gbé ìwádìí jáde lórí ọ̀dọ́ 423 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 18 sí 25. Wọ́n rí i pé oorun àwọn tó máa ń wo eré ní àwotẹ̀léra kò dára tó ti àwọn yòókù, àti pé ohun tó dà bíi pé ó fà á ni pé ọkàn wọn ṣì ń sáré lẹ́yìn tí wọ́n ti dùbúlẹ̀. Ìtàn ti tán lójú ẹ̀rọ, kò tíì tán lórí wọn. Mo gbà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìlera nìkan ni ọ̀ràn náà, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé tó sì parí kí ilẹ̀ tó ṣú ti bọ́ nínú rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ju ìyẹn lọ.

Mi ò sì wá wàásù pé sùúrù ni baba ìwà. Kò sẹ́ni tó ṣètò eré ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ nítorí ire ọkàn wa. Wákàtí tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní lójúmọ́ níye. Wọ́n gbọ́dọ̀ pín in fún ìròyìn, fún eré ìdárayá, fún eré onítàn. Àwọn olùpolówó ọjà fẹ́ kí èrò padà síbì kan náà ní àkókò kan náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn ò sì tíì ya eré tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: wọ́n ṣì ń ya àwọn apá tó gbẹ̀yìn nígbà tí àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ ti wà níta, tí èèyàn ti ń wò wọ́n.

Ṣáájú tẹlifíṣọ̀n pàápàá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ta ìtàn inú ìwé. Láti ọdún 1836 ni Charles Dickens ti ń gbé The Pickwick Papers jáde lóṣooṣù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò tà. Nígbà tó mú ìránṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Sam Weller wọ inú ìtàn náà ní apá kẹrin, ọjà bá yí padà, títí tí nǹkan bí 40,000 ẹ̀dà fi ń lọ lóṣù. Dickens rí ohun tí àwọn òǹkàwé rẹ̀ ń fẹ́, ó sì fún Weller láyè sí i. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí gan-an, torí ó jẹ́ kí n rí i pé àwa òǹwòran nìkan kọ́ ni ìdúró ń ṣiṣẹ́ fún. Òǹkọ̀wé náà ń gbọ́ wa kó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ti kọ gbogbo rẹ̀ tán, tó ti yà á tán, tó wá gbé e kalẹ̀ fún wa lọ́jọ́ kan, kò lè gbọ́ ohunkóhun lẹ́nu wa mọ́, àfi bó bá di síísìn mìíràn, ìyẹn ọ̀wọ́ apá tuntun.

Ìyípadà náà ní ọjọ́. Netflix, tí Reed Hastings àti Marc Randolph dá sílẹ̀ lọ́dún 1997 láti máa fi DVD ránṣẹ́ sílé oníbàárà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fíìmù gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 2007. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 2013, wọ́n gbé apá 13 ti House of Cards, eré òṣèlú kan, sílẹ̀ pọ̀, látìbẹ̀rẹ̀ dópin síísìn. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dán irú rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n òun ni gbogbo ayé rí. Òótọ́ ni pé ẹni tó ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò tàbí páálí DVD ti ń wo odindi síísìn ní àwòmọ́jú tipẹ́tipẹ́ ṣáájú ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n eré tí ó ti kọjá lórí afẹ́fẹ́ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wò. Àwọn mìíràn ti dúró dè é rí, wọ́n ti jiyàn lé e lórí, wọ́n ti sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Láti 2013 ni ó ti di pé ọjọ́ tí ìtàn dé ayé náà ni òpin rẹ̀ dé ayé.

Ohun mìíràn wà tí wọn kì í sábà kà mọ́ ọn, tí mo rò pé ó ju ọjọ́ yẹn lọ. Ní ọdún 2012, Netflix fi ohun kan kún ẹ̀rọ wọn: bí apá kan bá ti parí, òmíràn á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ wo bí ìpinnu ṣe yí ọwọ́ padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú ló gbọ́dọ̀ dìde ṣe nǹkan. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ dúró ni iṣẹ́ já lé léjìká, ó sì gbọ́dọ̀ ṣe é kíákíá, ní àkókò tí ọkàn rẹ̀ ò lágbára rárá, torí pé ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yìnbọn lu ẹni tó fẹ́ràn jù nínú eré náà. Lọ́dún 2017, Hastings fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn olùdókòwò pé oorun wà lára àwọn tí ilé iṣẹ́ òun ń bá díje. Mo dúpẹ́ pé ó sọ ọ́ síta.

Àkókò tí orúkọ àwọn òṣèré ń gòkè yẹn ní iye tirẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń mọ ohun tí mo rí. Orin ìparí á máa lọ, inú yàrá á dákẹ́, èmi àti ẹni tí a jọ ń wò ó á wo ara wa lójú, ọ̀kan nínú wa á ní, "Ṣé o rí ojú ìyá yẹn nígbà tó gba lẹ́tà náà?" Ìgbà náà ni màá tó mọ̀ pé mo rí i. Kò tó ìṣẹ́jú méjì, àmọ́ ohun tí mo rántí nínú ọ̀pọ̀ eré, inú ìṣẹ́jú méjì yẹn ni mo ti kó o. Nísinsìnyí, orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ náà ti di àpótí kékeré ní igun kan, ojú ẹ̀rọ ti ń ka nǹkan sẹ́yìn, ìtàn mìíràn ti ń ti èyí kúrò.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti wọn èyí. Ní Yunifásítì Melbourne, Jared Horvath àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà mẹ́ta, wọ́n sì fi eré amí kan ti BBC tó ní apá mẹ́fà hàn wọ́n. Àwọn kan wò ó tán níjókòó kan, àwọn kan wo apá kan lójúmọ́, àwọn yòókù wo apá kan lọ́sẹ̀. Èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2017. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n wò ó tán, àwọn tó wò ó níjókòó kan ló rántí jù. Ṣùgbọ́n bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, tiwọn ló yára parẹ́ jù, nígbà tí ti àwọn ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí kò pọ̀ lọ títí ní ìbẹ̀rẹ̀, dúró sípò. Àwọn tó wò ó níjókòó kan náà tún ni wọ́n sọ pé àwọn gbádùn rẹ̀ kéré jù. Akẹ́kọ̀ọ́ 51 péré ni, eré kan ṣoṣo sì ni, nítorí náà n kò ní gbé e sórí òkè kí n máa pariwo rẹ̀. Àmọ́ ó bá ohun tí ojú mi rí mu. Àwọn eré kan wà tí mo wò tán ní òpin ọ̀sẹ̀ kan tí mi ò lè sọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn mọ́ lónìí. Bẹ́ẹ̀, àwọn tí mo fi oṣù mẹ́ta wò, mo ṣì mọ àwọ̀ ògiri ilé ìdáná wọn.

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ti ń yí ká ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 1927, Bluma Zeigarnik, tó ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Berlin, kọ̀wé pé iṣẹ́ tí wọ́n dá èèyàn dúró lẹ́nu rẹ̀ máa ń wà lọ́kàn ẹni ju èyí tí èèyàn parí lọ. Àwọn tó tún un dán wò lẹ́yìn rẹ̀ kò rí i bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí náà òfin tó le bí irin kọ́. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Leif Nelson àti Tom Meyvis lọ́dún 2008. Wọ́n lo oríṣiríṣi nǹkan, lára wọn ni tìmùtìmù tó ń wọ́ ara fúnni. Bí wọ́n bá dá ìgbádùn náà dúró díẹ̀ láàárín, tí wọ́n tún padà sí i, àwọn èèyàn máa ń gbádùn rẹ̀ jù bí wọ́n ṣe gbádùn èyí tí kò dúró. Bí wọ́n bá wá bi wọ́n kó tó bẹ̀rẹ̀ pé èwo ni wọ́n fẹ́, ọ̀pọ̀ wọn á ní kí ó má dúró. Ohun tó dára fún ìgbádùn wa, àwa fúnra wa kì í yàn án. Láti ìgbà tí mo ti ka ìyẹn ni mo ti mọ̀ pé kíkó gbogbo eré jọ síwájú èèyàn kí a wá ní "yan bó ṣe wù ọ́" kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ òmìnira tí wọ́n ń pè é.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò gbà fún mi rárá lórí ọ̀rọ̀ yìí, tiwọn sì nípọn. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Iṣẹ́ òru ni wọ́n ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ kan, iṣẹ́ ọ̀sán ní èkejì. Wọ́n sọ fún mi pé, "Àbúrò mi, ìwọ lo mọ ibi tí wàá wà lálẹ́ ọjọ́ Sunday. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń gbé eré jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, apá kẹta ni mo máa ń rí, màá pàdánù ìkẹrin, màá wá wo ìkarùn-ún bí àlejò. Ìgbà tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni mo tó wo eré kan látìbẹ̀rẹ̀ dópin láyé mi." Mo ní, "Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n mi." N kò rí èsì mìíràn fọ̀, n kò sì wá a.

Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, tí wọn ò lè dìde lórí ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, eré kan ló gbé wọn dé òkè. Eré nípa ìdílé kan ni, síísìn rẹ̀ pọ̀. Wọ́n ní ìrora máa ń gòkè lálẹ́, kò sì sí ẹni tí wọ́n lè pè ní aago mẹ́ta òru, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn inú eré náà wà níbẹ̀, wọn ò dá wọn dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ta ni èmi láti sọ pé kí wọ́n máa wo apá kan lọ́sẹ̀? Ìgbà kan wà tí ohun tí èèyàn ń wá nínú ìtàn kì í ṣe ìbéèrè, ibùgbé ni. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹni tó ń tọ́ ọmọ tuntun tí kì í sùn, ẹni tí ara rẹ̀ ń padà bọ̀ sípò, wọn ò nílò kí ẹnikẹ́ni fi ìyànjẹ ìparí apá kan dá wọn lóró.

Àwọn ìtàn kan náà sì wà tí ọ̀sẹ̀ kan ń pa lára. Eré tó ní èèyàn ogún, tí ìran kan ń ṣẹlẹ̀ lónìí, tí èkejì ń ṣẹlẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, bí èèyàn bá fi í sílẹ̀ ọjọ́ méje, ìdajì ìjókòó tó kàn ló máa fi rántí ta ni ọmọ ta. Irú ìyẹn, méjì tàbí mẹ́ta lálẹ́ kan ló dára fún un. Mo gbà bẹ́ẹ̀ láìjanpata.

Ohun tí mi ò gbà ni pé kí a máa kọ gbogbo eré bíi pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa wò ó. Àwọn tó ń ṣe eré báyìí máa ń fi yangàn pé fíìmù oníwákàtí mẹ́wàá làwọn ṣe. Mo máa ń mọ irú rẹ̀ ní apá kẹrin. Ní apá kẹrin, wọ́n á wọ ọkọ̀, wọ́n á máa lọ; ní ìkarùn-ún, wọ́n ṣì ń lọ; ẹnì kan á rántí ìgbà èwe rẹ̀; apá náà á kàn dúró síbi tí àkókò rẹ̀ ti tán. Kò sẹ́ni tó bínú, torí ìkẹfà ti bẹ̀rẹ̀ kí èèyàn tó mọ̀ pé ìkarùn-ún kò fún òun ní nǹkan kan. Bó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi dúró de ìkarùn-ún yẹn, màá béèrè owó mi. Òǹkọ̀wé tó mọ̀ pé àwọn èèyàn máa gbé ohun tí òun kọ rìn fún ọjọ́ méje kò ní fún wọn ní ohun tó fúyẹ́. Apá kọ̀ọ̀kan á ní orí tirẹ̀, á ní ìdí tí ó fi wà, ibi tó sì parí sí á jẹ́ ibi tí èèyàn lè dúró sí ronú.

Ìdúró ń sọ òǹwòran di adájọ́, èyí sì lè jẹ́ ìdí tí àwọn kan fi ń bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ rántí Game of Thrones, eré nípa àwọn tó ń jà du oyè ọba, tó jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti 2011 títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2019. Àwọn tó ń wò ó ti fi ọdún mẹ́jọ kó àwọn àmì jọ, wọ́n ti mọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe. Nígbà tí síísìn ìkẹyìn ń sáré kọjá lórí gbogbo rẹ̀, inú bí wọn débi pé èèyàn tó ju mílíọ̀nù kan lọ fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé kí wọ́n tún un ṣe. Àwọn kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Èmi ò bá wọn ṣe é. Ẹni tó bá bínú báyìí sí ìtàn, ó ti gbé inú rẹ̀ rí.

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù báyìí, ìyẹn ni ẹgbẹ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta ọdún 1980, wọ́n yìnbọn lu J.R. Ewing ní ìparí síísìn kan ti Dallas, eré nípa ìdílé olówó epo kan, lórí ilé iṣẹ́ CBS ní Amẹ́ríkà. Ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣèré fa ọjọ́ ìdáhùn sẹ́yìn di ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá. Oṣù mẹ́jọ ni gbogbo èèyàn fi ń béèrè ẹni tó yìnbọn, kì í ṣe ní Amẹ́ríkà nìkan. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń ta tẹ́tẹ́ lé e lórí. Wọ́n ya àwọn òṣèré púpọ̀ níbi tí wọ́n ti ń yìnbọn náà kí àṣírí má bàa tú. Alẹ́ tí ìdáhùn jáde, nǹkan bí èèyàn mílíọ̀nù 83 ló wò ó ní Amẹ́ríkà. Ìdáhùn náà fúnra rẹ̀ kò ju orúkọ ẹnì kan lọ. Ohun tó mú kí ó tóbi ni pé gbogbo wọn wà ní ojúkan náà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ju ẹnìkejì lọ, gbogbo wọn ló sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ tẹnu wọn.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ní ti ìtàn pẹ̀lú. Nígbà tí a bá jọ wà ní apá kẹrin, ẹnì kan á rí aago tó dúró lára ògiri, ẹnì kan á mọ òfin tí agbẹjọ́rò inú eré náà rú, ẹlòmíràn á rántí orúkọ tí wọ́n dá ní apá kìíní. Mo ti gbọ́ àròjinlẹ̀ lẹ́nu ẹni tí kò ka ìwé kan láyé rẹ̀ rí nípa ìdí tí òǹkọ̀wé kan fi gbé ìran kan síwájú òmíràn. Irú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yẹn kò lè wáyé nígbà tí ìbéèrè àkọ́kọ́ láàárín ọ̀rẹ́ méjì bá jẹ́, "Ibo lo dé?" Ẹni tó wà ní apá kejì á fi ọwọ́ bo etí. Ẹni tó ti parí rẹ̀ lánàá á máa fi ọ̀rọ̀ sínú. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ohun kan náà, wọn ò sì lè bá ara wọn sọ ọ́.

Ẹnì kan lè fi Squid Game dá mi lóhùn, eré ilẹ̀ Kòríà tí àwọn èèyàn ti ń fi eré ọmọdé díje fún owó, tí ẹni tó bá pàdánù ń kú. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni apá mẹ́sàn-án rẹ̀ jáde pọ̀ lórí Netflix, gbogbo ayé sì sọ ọ́. Ó rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn tó bá lágbára tó yẹn á fọ́ ilẹ̀kùn èyíkéyìí. Ṣùgbọ́n ẹ ronú kan ohun tí à ń sọ nígbà náà. Aṣọ wọn, ọmọlangidi ọmọbìnrin ńlá yẹn, bí ó ṣe parí. A ò lè jiyàn pé báwo ló ṣe máa rí, torí ó ti rí. Mo máa ń ro bí ìdíje kejì, ìkẹta àti ìkẹrin ì bá ṣe rí ká ní ọ̀sẹ̀ kan wà láàárín wọn, kí gbogbo ayé jọ máa béèrè irú eré ọmọdé wo ló kàn.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gbé eré gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti ń padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ sí ètò ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí Apple TV+ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ọ̀pọ̀ nínú eré wọn gbé apá mẹ́ta sílẹ̀, ìyókù wá ń jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Disney+ tẹ̀ lé wọn ní ọjọ́ 12 oṣù náà, tàwọn náà sì jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́dún 2020, Amazon yí The Boys padà sí ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ní síísìn kejì rẹ̀, àwọn kan sì bínú débi pé wọ́n fún eré náà ní máàkì tó relẹ̀ torí pé wọn ò rí gbogbo rẹ̀ gbà lẹ́ẹ̀kan. Netflix fúnra rẹ̀ gé síísìn kẹrin Stranger Things sí méjì lọ́dún 2022, ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún àti ọjọ́ kìíní oṣù Keje. Owó ló wà nídìí rẹ̀: ẹni tó bá wo eré tán ní ọjọ́ méjì lè fagi lé àsansílẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta. N kò bínú sí èyí. Ètò ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ àtijọ́ náà, owó ló bí i, ohun rere sì jáde nínú rẹ̀.

"Bó bá wù ọ́, máa wo apá kan lọ́sẹ̀. Ta ló dì ọ́ lọ́wọ́?" Ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n sábà máa ń fi pa mí lẹ́nu mọ́. Mo ń ṣe é. Mo ti pa ohun tó ń mú apá tó kàn bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó wà nínú ètò ẹ̀rọ, ẹnikẹ́ni lè pa á. Mo máa ń jẹ́ kí orin ìparí tán. Ìyàtọ̀ tí ó ṣe pọ̀, mo rántí, mo ń ronú. Ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo ń dúró. Àwọn yòókù ti lọ, wọ́n ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, àwòrán òpin rẹ̀ ti wà lójú fóònù gbogbo èèyàn. Ìdúró tí ẹnì kan ṣoṣo ń ṣe kì í ṣe irú èyí tí mo ń sọ.

Ibi tí ìdọ́gba kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí. Bí eré bá ń jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tó fẹ́ wò ó tán lẹ́ẹ̀kan kò pàdánù rẹ̀. Oṣù méjì péré ló máa fi sùúrù, gbogbo rẹ̀ á wà níbẹ̀, á sì jókòó tì í bó ṣe wù ú. Ẹ̀gbọ́n mi lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó wà lórí ibùsùn àìsàn lónìí ní àìmọye eré tó ti parí tó lè wò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, kò sí ohun tí àwa tó fẹ́ jọ dúró lè ṣe láti rí ohun tí a fẹ́. A ò lè pe gbogbo ayé padà sí apá kejì.

Mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní bí àwọn bá dúró oṣù méjì, ẹnì kan á ti tú ìtàn náà fún àwọn níbi iṣẹ́ kó tó parí. Mo ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n bí gbogbo rẹ̀ bá jáde lọ́jọ́ Ẹtì, àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa tú u fún wọn. Wọ́n gbà fún mi lórí ìyẹn. Lórí ìyókù, wọn ò gbà. A ti fẹnu kò pé a ó jọ wo eré tuntun kan, apá méjì lọ́sẹ̀, ọjọ́ èyíkéyìí tí iṣẹ́ òru bá jẹ́ kí wọ́n wà nílé, a ó sì máa pe ara wa lórí fóònù kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìkẹta. Apá kejì la dé. Wọ́n ní ọkọ rẹ̀ àtijọ́ ló ṣe é, mo sì ní kò lè jẹ́ òun.